Ẹja Inú Àpótí Gíláàsì: Kí A Tó Fi Owó Ẹgbẹ́ Sí I

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ó gbé dé ìpàdé gbogbogbòò, a sì rò pé ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kà á nínú ìwé yìí kí ẹ tó wá, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá gbọ́ lójijì níbi ìpàdé, ariwo ni a máa ń fi dá a lóhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wa, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, ń béèrè owó yíyá láti fi sin ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà, irú èyí tí àwọn èèyàn ń fi sínú àpótí onígíláàsì sí pálọ̀. Gọ́pì ni, mọ́lì ni, pílátì ni, àti èyí tí ìrù rẹ̀ rí bí idà. Àwọn àgbà kan ti fèsì pé ẹja tí a kò lè sè jẹ, kí ni owó ẹgbẹ́ ń wá nídìí rẹ̀? Àwọn mìíràn ní tiwọn ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi orúkọ sí i, kí a máa tà á fún àwọn onílé gẹ́gẹ́ bí oògùn ẹ̀fọn. Àwa ní èrò tiwa, a ó sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹja tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ ẹja tí a mọ̀ ní ọ̀sà wa yìí, ẹyin ni wọ́n ń yé. Epìyà wa gan-an, èyí tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, tí àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Ganvié máa ń fi akájà ẹlẹ́ka-igi kó jọ, akọ rẹ̀ ní ń gba ẹyin sẹ́nu, tí yóò máa gbé e kiri ní bí ọ̀sẹ̀ méjì títí tí yóò fi di ọmọ. (Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń sọ pé ọmọ títọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin, ẹ gbọ́ o.) Gọ́pì àti àwọn ìbátan rẹ̀ kì í yé ẹyin síta rárá. Inú abo ni ẹyin ti ń di ọmọ. Ọjọ́ tí ó bá bí i, ọmọ náà ti ń lúwẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ ti là, ó ti ń wá oúnjẹ kiri. Láti oyún dé ìbí, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Abo tó ti dàgbà lè bí ogún, ó lè bí ogójì, nígbà mìíràn ó lè tó ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé bí akọ bá gùn ún lẹ́ẹ̀kan péré, abo lè tọ́jú àtọ̀ náà sínú fún oṣù mélòó kan, kí ó máa fi bímọ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin láìfojú kan akọ mọ́. Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a ó padà sí i nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ títà.

Àjèjì ni ẹja náà. Apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ní Venezuela àti ní erékùṣù Trinidad tó wà nítòsí ibẹ̀. Orúkọ èèyàn ni "gọ́pì" tí a ń pè é: Robert John Lechmere Guppy ló fi í ránṣẹ́ láti Trinidad sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀dá ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ẹja ọ̀hún ní 1866. Ẹ ò rí i pé ayé kì í ṣe déédéé: ará Jámánì kan, Wilhelm Peters, ti kọ̀wé nípa ẹja yìí kan náà ní 1859, ṣùgbọ́n ta ló ń pe ẹja ní Peters?

Lónìí, ẹja yìí ti wọ inú gọ́tà Èkó. Ní 2012 ni àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ohun tí gọ́pì ń jẹ nínú àwọn kànáàlì omi ìdọ̀tí ní ìlú Èkó, nítorí ó ti di ará ibẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo inú gọ́tà tí omi rẹ̀ ń ṣàn díẹ̀díẹ̀, ó lè rí i, kékeré bí abẹ́rẹ́. Ti gọ́tà kì í sábà dán bí ti inú gíláàsì, ìdí sì wà fún un. Ní 1976, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ John Endler kó gọ́pì láti ibi tí ẹja ńlá ti ń pa wọ́n jẹ ní Trinidad lọ sí odò kékeré kan tí ọ̀tá wọn kò pọ̀ sí. Láàárín bí ọdún méjì, àwọn akọ tí wọ́n ń bí níbẹ̀ ti ń láwọ̀ ju ti àwọn bàbá wọn lọ. Níbi tí ọ̀tá wà, akọ tó bá dán jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí gbé mì. Níbi tí kò sí, abo ló ń yàn, akọ alárànbarà ni abo sì ń fẹ́. Àwọn tó ń sin ín fún títà ti ṣe iṣẹ́ yìí kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń ṣa èyí tó pupa, wọ́n ń ṣa èyí tí ìrù rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ bu gọ́pì gọ́tà, tó wá ń tà á ní iye gọ́pì oníbàbà-ìrù, ìrẹ́jẹ ni, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é.

Ní ti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, a ó sọ díẹ̀, nítorí àwọn kan rò pé kí a da omi sínú gíláàsì kí a sì da ẹja sí i ni. Àpótí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ó gba omi tó lítà 56. Lítà omi kan, kílò kan ni. Omi nìkan ti wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, kí a tó ka gíláàsì àti yanrìn mọ́ ọn. Ẹ má gbé e sórí tábìlì tẹlifíṣọ̀n o.

Inú wa dùn sí ohun kan. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rà, nítorí òtútù. Àwa ní etíkun Àgbádárìgì kò nílò rẹ̀, ojú ọjọ́ wa ti ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà dára, ṣùgbọ́n bí ẹja kò bá pọ̀ jù nínú àpótí, tí ewéko sì wà níbẹ̀, gọ́pì lè wà láìsí i. Ó sì gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí iná ọba tí a ṣì ń pè ní NEPA títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti kógbá sílé láti 2005, kò ṣe é gbọ́kàn lé.

Omi ni gbogbo rẹ̀. Omi tuntun lè mọ́ gaara kó má tíì ṣeé gbé fún ẹja. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di májèlé nínú omi, àwọn kòkòrò tíńtìntín kan tí ojú kò rí ló sì ń sọ májèlé náà di ohun tí kò léwu mọ́. Àwọn kòkòrò yìí kì í gbilẹ̀ nínú àpótí tuntun kó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tó bá da ogójì ẹja sínú omi ọjọ́ kìíní, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni yóò máa kó òkú wọn, tí yóò sì máa sọ pé ayé ló ń ṣe òun. Kí ó fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó máa yọ ìdá mẹ́rin omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó fi tuntun rọ́pò. Bí omi ẹ̀rọ bá ń rùn oògùn, kí ó fi í sílẹ̀ nínú báfù fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹja yìí sì ń fẹ́ omi tó le díẹ̀. Bí omi kànga yín bá rọ̀ jù, ìkarahun tó wà káàkiri etí òkun wa, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ kó díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Mọ́lì ní tirẹ̀ kò kọ omi tó níyọ̀ díẹ̀ pàápàá.

Ìyá máa ń jẹ ọmọ. Kì í ṣe àjẹ́, ebi àti ìwà ẹja ni. Oògùn rẹ̀ ni ojú oró tó kún inú omi wa. Ẹ mú díẹ̀, ẹ ṣàn án dáadáa kí kòkòrò má bàa bá a wọlé, kí ẹ jẹ́ kó léfòó lókè omi. Inú gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò sá sí. Edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná ń ṣe oúnjẹ fún wọn, pupa ẹyin sísè náà ń ṣe é, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán kíákíá ni kí ẹ fún wọn. Oúnjẹ àjẹjù ló ń pa ẹja inú gíláàsì, ebi kì í tètè pa á.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó ló kàn.

Àwọn tó ń béèrè owó yíyá ń sọ fún wa pé ẹja tó ń bí ọgbọ̀n lóṣù, èrè rẹ̀ kò lè kéré. Àwa sọ pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan ní abo márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọgbọ̀n: àádọ́jọ nìyẹn lóṣù kan. Kí ìdajì kú, ó ku 75. Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn abo inú wọn náà yóò ti máa lóyún. Ẹ wá wo ẹni tó ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ta akọ kan àti abo kan fún oníbàárà, kì í ṣe ẹja ló tà, òwò rẹ̀ ló tà. Kódà bó bá ta abo nìkan, a ti sọ ọ́ lókè pé oyún wà nínú rẹ̀, oyún mìíràn sì lè tẹ̀ lé e láìsí akọ. Kí ọdún tó yípo, oníbàárà náà ti di olùtà, àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà sì ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń ta àgbọn ní Agbálátà mọ̀ pé ẹni tó jẹ àgbọn tán yóò padà wá ra òmíràn. Ta ní ń padà wá ra gọ́pì?

A ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹ rántí ìgbà tí ariwo ẹyin àparò gba ìlú. Ọmọ àparò ni gbogbo èèyàn ń tà fún ara wọn, àwọn tó kọ́kọ́ wọ inú òwò náà rí owó, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ra ilé àparò, àwọn tó kẹ́yìn sì rí i pé kò sí ẹni tó ń jẹ ẹyin náà tó bí wọ́n ṣe sọ.

Wọ́n tún ń sọ pé òkè òkun ń rà á. Òótọ́ ni pé wọ́n ń rà á. Singapore ti wà lára àwọn ìlú tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ jù lọ láyé fún ọdún pípẹ́. Ní Sri Lanka, gọ́pì wà lára ẹja tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ jù, àwọn ará ilé kéékèèké ló sì ń sin lára rẹ̀ nínú kòtò sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, tí oníṣòwò ńlá ń wá kó o. Èyí dà bí ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò òkè òkun kì í ra ogún ẹja oríṣi méje. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí àwọ̀ wọn bára mu, tí wọ́n tóbi bákan náà, tí àìsàn kò sí lára wọn, tí ìwé ìlera láti ọ̀dọ̀ ìjọba sì tẹ̀ lé wọn, ni ó ń béèrè. Ní ti Nàìjíríà, ẹja ọ̀ṣọ́ tí a ti ń kó lọ sí ìlú òyìnbó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹja odò wa ni: èyí tó gùn bí okùn, èyí tó ní ìyẹ́ bí labalábá, èyí tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n nígbà tó bá fẹ́ yé. Ìwọ̀nyí ni òyìnbó ń wá bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Gọ́pì ti wà nílé tirẹ̀.

Ṣé kí a wá kọ ọ̀rọ̀ náà pátápátá ni? Rárá. Ojú tí àwa fi wò ó ni pé owó wà níbẹ̀, kì í ṣe nínú ẹja. Owó wà nínú àpótí tí a kàn dáadáa tí kò jò, owó wà nínú oúnjẹ tí a pò, owó wà nínú ìtọ́jú. Òtẹ́ẹ̀lì tó gbé àpótí ńlá sí ẹnu ọ̀nà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn aládàáni, àwọn onílé ní Festac àti ní Lẹ́kí, wọn kò ní àyè láti máa yọ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ tó sì ṣeé gbà wọ ilé lè máa gba owó lóṣooṣù lọ́wọ́ ilé mẹ́wàá. Oníbàárà tó ń padà wá nìyẹn. Bó bá sì fẹ́ ta ẹja, kí ó máa ta akọ nìkan fún àwọn tó ń wá ẹwà. Akọ ló lẹ́wà, akọ kò sì lè bímọ fún wọn. A mọ̀ ọ́n nípa ìyẹ́ abẹ́ ikùn rẹ̀ tó ṣẹ́ tínrín bí igi ìṣáná. Ti abo fẹ̀, àmì dúdú oyún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí a tètè yà wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n tó pé oṣù méjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀fọn, èyí ló sì ká wa lára jù.

Òótọ́ ni pé gọ́pì ń jẹ tanwíjí. Ẹ bu tanwíjí sínú abọ́, kí ẹ ju gọ́pì méjì sí i, kò ní pẹ́ tán. Kì í ṣe òní ni ayé ti mọ ọgbọ́n yìí. Ẹja mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Gambusia, ni wọ́n kó láti Amẹ́ríkà lọ sí Hawaii ní 1905 àti sí ilẹ̀ Spéènì ní 1921 nítorí ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n pé ẹja jẹ tanwíjí nínú abọ́ kò túmọ̀ sí pé ibà yóò kúrò ládùúgbò. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ń gbé gbogbo ìwádìí yẹ̀ wò, tí wọ́n ń pè ní Cochrane, kó gbogbo èyí tó wà lórí irú ẹja yìí jọ ní 2013, wọ́n sì tún un ṣe ní 2017. Wọ́n rí i pé níbi mìíràn tanwíjí dín kù nínú omi tí a fi ẹja sí. Wọn kò rí ìwádìí kan tó wọn bí ó ṣe kan iye àwọn tí ibà ń ṣe.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro fún ará Àgbádárìgì láti mọ̀. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri jù, inú omi kékeré tí òjò fi sílẹ̀ ló fẹ́ràn: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà ọkọ̀ lójú títì tó ti bàjẹ́. Ọ̀sán méjì, omi náà lè gbẹ. Gọ́pì wo ni a fẹ́ fi síbẹ̀? Ẹ̀fọn etíkun tiwa tún wà, inú omi oníyọ̀ díẹ̀ láàárín igi ẹ̀gbà ni ó ń yé sí. Èyí tó ń bí sínú agolo àti táyà àtijọ́ náà wà. Ẹni tó bá ní kòtò omi sìmẹ́ǹtì tí ó ń fi fọṣọ, kí ó ju gọ́pì díẹ̀ sí i, ó dára, àwa náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó má fi sínú omi mímu o, ẹja ń ṣu. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí ọ̀rá ẹja kan, kí a sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé èyí ni oògùn ibà, kí ìyá náà wá ká àpò-ẹ̀fọn kúrò lórí ibùsùn ọmọ rẹ̀? Àwa kò ní bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ọdún mélòó ni a fi kọ́ orúkọ yìí, tí olówó lè fi owó rẹ̀ sùn sọ́wọ́ wa?

Ohun kan kù tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n kọ sí wa. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ da ẹja yìí sínú ọ̀sà, ìbáà jẹ́ pé ó ti sú u, ìbáà jẹ́ pé ó ń kó kúrò nílé. Gambusia tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wà lára ohun abẹ̀mí 100 tí àjọ IUCN kà sí èyí tó burú jù nígbà tí wọ́n bá dé ilẹ̀ onílẹ̀, torí pé ó ń jẹ ẹyin àti ọmọ àwọn ẹja tó bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ń wá Hawaii lọ fún? Ní 1984 ni a rí ewé olódòdó àwọ̀ àlùkò, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, nínú omi Àgbádárìgì, tó ti ìhà Àjàṣẹ́ ṣàn wọlé. Ohun ọ̀ṣọ́ ni òun náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e kiri láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ bi àwọn apẹja wa léèrè bí ó ṣe ń dí ọ̀nà ọkọ̀, bí ó ṣe ń fa àwọ̀n ya, àti iye ìgbà tí ẹni tó fẹ́ ti Gbẹrẹfú wá sọ́jà ti dúró tì í.

Nítorí náà, èyí ni ohun tí a ó gbé síwájú yín. Kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó láti ra ẹja. Kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ gbé àpótí kan, kí ó tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ìgbìmọ̀ lọ wò ó. Bí ẹja bá wà láàyè, tí ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ náà sì wà láàyè, a lè yá a ní ti gíláàsì, gọ́ọ̀mù àti irin. Bí wọ́n bá sì tó márùn-ún, kí ẹgbẹ́ ra gíláàsì náà ní àjọrà, kí ó lè wọ́n dín. Onídùúró méjì, bí ti gbogbo owó yíyá. Ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ìgbìmọ̀ ti béèrè bóyá a lè fi ẹja náà ṣe ìdúró. A dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ohun tó lè jẹ ọmọ ara rẹ̀ mọ́jú kò ṣe é fi ṣe ìdúró. Àpótí rẹ̀ nìkan ni a ó kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kí ọjọ́ ìpàdé tó kò, a ó kà á fún gbogbo ilé.